Adìẹ Tí Wọ́n Torí Rẹ̀ Dá Ìyá Mi Lẹ́jọ́

Kí ẹnikẹ́ni má wàásù ìdáríjì fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbá mi ní títì Òṣú, tí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún dá. Ní ilé ìwòsàn ní Iléṣà, dókítà sọ fún ìyá mi pé eegun náà ti fọ́ jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá mi gbé mi pọ̀n, bí mo ṣe tóbi tó, ó di ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní abúlé kòkó kan lẹ́yìn Òṣú. Bàbá náà to eegun mi, ó fi igi ọparun dè é. Lẹ́yìn náà ó mú adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ níbi tí tèmi gan-an ti dá, ó sì di tirẹ̀ náà. Ó ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, èmi náà á rìn. Èmi àti adìẹ jọ ń jẹ àgbàdo, a jọ ń wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ rìn, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri àgbàlá kí n tó dìde.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá mi mú mi lọ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò fi nǹkan kan pamọ́: ó sọ ti dókítà, ó sọ ti bàbá náà, ó sọ ti adìẹ. Ìjọ bá wa jó. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ìbáwí ránṣẹ́ pè é.

Ìgbìmọ̀ yìí ni gbogbo wa ń bẹ̀rù ju Ọlọ́run lọ. Àwọn àgbà ìjọ ni. Àwọn ló ń fẹ̀sùn kanni, àwọn náà ló ń dájọ́, kò sì sí ibi téèyàn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Wọ́n ní kí n wọlé tẹ̀lé ìyá mi, nítorí ẹsẹ̀ mi ni ẹ̀rí.

"Arábìnrin, ta ló wo ọmọ yín sàn?" alága bèèrè.

"Ọlọ́run ni, sà."

"Adìẹ ńkọ́?"

"Ọlọ́run náà ló dá adìẹ, sà."

Ìdáhùn yẹn ló bí wọn nínú. Wọ́n ní ó bọ òrìṣà. Wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, kí ó sọ pé Sátánì ló wo ọmọ òun sàn. Ìyá mi ní òun kò lè purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Bó ṣe di ará bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nìyẹn: kò sí oúnjẹ Olúwa, kò sí aṣọ ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo jáde yunifásítì, ibẹ̀ ló ṣì wà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé ká lọ sí ìjọ mìíràn. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti sin ìyá òun, ẹnìkan kò lè lé òun kúrò nílé Bàbá òun.

Nígbà tó yá, mo rí ọkọ, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò ní í so ọmọ ẹni tó wà lábẹ́ ìbáwí pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú, a ó lọ sí kọ́ọ̀tù. Àwọn òbí ọkọ mi ní àwọn kò fẹ́ ìyàwó tí ìjọ kọ̀. Ìṣojú ìyá mi ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo rí i tó dìde láti ẹ̀yìn. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó rìn dé iwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," alága wí.

"Ẹsẹ̀ tí ọmọ mi fi ń rìn," ìyá mi wí, "ọwọ́ Sátánì ni mo ti gbà á."

Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé alága náà mì. Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀ dòní. Nígbà tí mo sáré bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń sunkún, ó ní, "Jẹ́ á máa lọ ulé. O ó lọ́kọ."

Wọ́n lu agogo fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyá mi wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó jókòó lórí àga iwájú. Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń wò mí. Ìyá mi nìkan ni kò lè wò mí.