Ọjọ́ Méjìlá Láìkí Ẹnikẹ́ni Káàbọ̀

Ogójì ọdún ni Bàbá Aláago fi ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó dojú kọ títì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Bí ó bá fi ẹmú mú irin wẹ́wẹ́ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ibi tó fẹ́ kí ó wà gan-an ni yóò gbé e sí. Nílé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ní ajá dúdú kan tó ga dé itan èèyàn. Fẹ̀sọ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ti ilé àbúrò rẹ̀ dé. Bàbá kí i láti orí àga: "Káàbọ̀ o." Kí obìnrin náà tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, Fẹ̀sọ̀ ti fò mọ́ ọn láyà. Ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Ó ti lo ju oṣù kan lọ nílé ìwòsàn nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin, awakọ̀ akẹ́rù, mú okùn tuntun wá, tó sì fi í kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

"Bàbá, ó ku ọjọ́ méjìlá kí Màmá padà sílé. Bí ajá yìí bá ṣì ń fò mọ́ èèyàn lọ́jọ́ náà, okùn yìí ni n ó fi fà á lọ."

"Alágídí ni. Màá kọ́ ọ."

"Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń kọ́ ọ! Aago tí kò gbọ́ àtúnṣe, ṣebí ẹ máa ń dá a padà fún ẹni tó ni ín ni?"

Bàbá kì í fọwọ́ kan aago tó bàjẹ́ láì kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń ró. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ajá yìí: ó jókòó, ó ń wò ó. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì wọlé wá yá ìṣáná. Fẹ̀sọ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Àfìgbà tí Bàbá ní "Ẹ káàbọ̀" ni ajá fò sókè. Ó bẹ aránṣọ pé kó jáde, kó tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá pa ẹnu mọ́. Ajá kàn gbórí sókè ni. Ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó kí i, ajá tún fò.

Ìgbà náà ló rántí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Òun á fọwọ́ lu àyà lẹ́ẹ̀mejì, Fẹ̀sọ̀ á fò mọ́ ọn, òun á sì fún un ní bísíkíìtì. Ohun tí wọ́n kọ́ ajá ló ń ṣe. Bàbá kò sọ fún aránṣọ. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀ nínú ilé mọ́.

"Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" ni aránṣọ bi í. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọlé lónìí, ẹ kàn ń wò mí bí ẹni tí ń wo ògiri."

"Ẹ má bínú. Ajá ni."

"Ajá ló ní kí ẹ má kí mi?"

"Òun ni."

"Ó ti wá di baálé nìyẹn!"

Bàbá tẹ́ ẹní sí igun yàrá. Bí ó bá ti na ọwọ́, tó dojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọ ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ajá sì wà lórí ẹní, bísíkíìtì dé. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrò, ó kẹ̀yìn sí i. Ní ọjọ́ kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ẹ káàbọ̀" fún ajá wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀.

Ìta ló le. Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, "ẹ káàbọ̀" ń jáde láti ẹnu ọ̀nà gbogbo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jáde, ajá fa Bàbá títí Bàbá fi kúnlẹ̀ sétí gọ́tà. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n kọjá ilé mẹ́rin láìjẹ́ pé ajá fò. Ní ọjọ́ kọkànlá, Fẹ̀sọ̀ fò mọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Ọmọ náà kò ṣubú, ṣùgbọ́n ó sunkún. Bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù, irin wẹ́wẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹmú rẹ̀, kò sì rí i mọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, ọmọ rẹ̀ mú ìyá rẹ̀ dé. Bàbá dúró láàárín ẹnu ọ̀nà àti ẹní, ó na ọwọ́, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Gbogbo ara Fẹ̀sọ̀ ń gbọ̀n. Ìyá fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dúró níbi tó ti ṣubú gan-an.

"Bàbá, ẹ ò ní kí mi káàbọ̀ ni?"

Ẹnu Ìyá fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Fẹ̀sọ̀ dìde. Ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò lórí ẹní. Ọmọ já okùn lórí ìṣó.

"Má fà á!" ni Bàbá wí. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí o bá ti kí mi káàbọ̀, èmi á lu àyà, á fò mọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló ń tẹ́tí sí. Èmi ni mo ṣe ọ́ léṣe."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Fẹ̀sọ̀ wo ọwọ́ náà, ó wò ó, ó sì dá ẹsẹ̀ padà sórí ẹní.

Ìyá dáhùn: "Mo ti rò ó níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Àkókò pọ̀ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́."

Ó gbé ọ̀pá síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ló rìn dé ìdí àga. Nígbà tó jókòó tán, ó ní, "Ẹ wá kí mi wàyí."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ "Káàbọ̀" sí i létí bí ẹni tí ń jalè. Etí Fẹ̀sọ̀ nà, àmọ́ ara rẹ̀ kò kúrò lórí ẹní.

Ọmọ wọn dá okùn padà sórí ìṣó. Nígbà tó ń lọ, kò mú okùn náà dání.