Ẹ̀kán Kútẹ́ẹ̀sì Lára Ọrùn Jìtá

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ní màá kọ́ jìtá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ ń gbé agbo ilé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yá mi ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó ní kí n ṣáà máa gbé e wá fún òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kí òun ta á díẹ̀, torí ohun tó kù tí òun lè ṣe láìbẹ ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ó ní, "Tíṣà, dò-rè-mí ṣọ́ọ̀ṣì ò tó o. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ìka bá tẹ okùn sí ló lórúkọ. Lọ kọ́ orúkọ wọn."

Lẹ́tà ni àwọn orúkọ náà. Tí a bá dé G, A ló tún kàn; ẹ má wá H lọ. Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà wọ̀nyí mọ́ ọrùn jìtá, bí mo ṣe máa ń lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí pátákó, ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ nù ún. Mo rí àwọn ẹ̀kán pupa kéékèèké tó ti gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọrùn jìtá náà. Mo rò pé ọ̀dà ló ta sí i. Mo fi abẹ ha wọ́n, mo fi kẹrosíìnì nù ún, ó ń dán.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, ohùn àkọ́kọ́ tó ta ṣì. Èkejì náà ṣì. Ó dúró, ó ń fi àtàǹpàkò wá ẹ̀gbẹ́ ọrùn jìtá náà lọ, wá a bọ̀.

"Tíṣà, kí lo ṣe sí i?"

"Mo bá yín nù ún ni, bùọ̀dá mi. Ó ti dọ̀tí."

Ó rẹ́rìn-ín. "O ti nu pátákó! Kútẹ́ẹ̀sì ni. Ìyàwó mi ló kán an síbẹ̀ kó tó kú, kí ọwọ́ mi lè máa mọ̀nà."

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọjà lọ.

Mo ra kútẹ́ẹ̀sì pupa. Kí n má tún ṣèèṣì, mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn ibẹ̀ dáadáa: lórí okùn tó nípọn jù, àyè kẹta láàárín àwọn irin ọrùn jìtá ni G, ìkarùn-ún ni A, ìkeje ni B. Ìgbà náà ló yé mi pé ibi tó yẹ gan-an ni ìyàwó rẹ̀ kán an sí. Ká ní mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi kí n tó mú abẹ ni!

Mo kán tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án.

"Ó tóbi jù. Ọwọ́ ìyàwó mi fúyẹ́." Ó tún fọwọ́ kàn án. "Ó dáa náà. A ó máa lò ó."

Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Nísinsìnyí, bó bá ń ta jìtá lọ́jọ́ Àìkú, ó máa ń dúró kó tó tẹ okùn, á kọjú sí mi.

"Tíṣà, A nìyí?"

"Ẹ sún ìka yín síwájú díẹ̀, bùọ̀dá mi. Ẹ ti débẹ̀."

Tẹ́lẹ̀, kì í bi ẹnikẹ́ni.