Máìlì Mẹ́rìndínlógún Alhaji Làtíìfù

Kò sí ọmọ Ọjà-Ààlà kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Alhaji Làtíìfù kọ̀ tí kò ṣe àmín. Ọ́nárébù kan ló ti ilé wá, ó háyà gbọ̀ngàn lẹ́yìn Rye Lane, ó ní òun wá jábọ̀ nípa títì tó ti Ọjà-Ààlà wọ ilẹ̀ Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rè é tó ń jábọ̀ títì kan náà. Nígbà tó parí, ó gbọ́wọ́ sókè: "Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú wa rí títì yìí." Gbogbo ilé ní "Àmín!" àfi ẹnì kan.

"Alhaji," Ọ́nárébù rẹ́rìn-ín, "mi ò gbọ́ àmín yín o."

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Mi ò ṣe é."

"Ha! Àdúrà mà ni!"

"Kì í ṣe àdúrà, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín ni. Àbí Ọlọ́run ló gba kọ́ńtáráàtì?"

Habeebullah, tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún, tí wọ́n sì jọ ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fà á láṣọ. Àfi bí ẹni pé ó da epo síná. Alhaji fi ìbínú pariwo: "Mo fi Ọlọ́run búra, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ọ̀nà yẹn mọ́, àfi tí wọ́n bá da ọ̀dà sí i!" Ó jókòó. Ìgbà tó jókòó tán ló rántí pé Hàlímọ̀tù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, ìpẹ̀kun ọ̀nà náà lọ́hùn-ún ló ń gbé.

Máìlì mẹ́rìndínlógún péré ni. Ìjọba méjì ló jọ ni ín. Tiwa ṣe tirẹ̀ dé etí odò, ó dúró. Tọ̀hún náà ṣe tirẹ̀ dé etí odò, ó dúró. Ọmọ tó ní bàbá méjì ni, ebi ló sì ń pa á kú lọ.

Alhaji kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó pe ọ́fíìsì tó wà níhà tiwa. Wọ́n ní fáìlì wà lọ́hùn-ún. Ó pe tọ̀hún. Akọ̀wé tó gbé e, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní fáìlì wà lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ kan, ó gba fóònù Habeebullah kún tirẹ̀, ó pe ọ́fíìsì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dojú fóònù méjèèjì kọra lórí tábìlì ilé ìdáná. "Ó yá, ẹ bára yín sọ̀rọ̀." Wọ́n kíra, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè ọmọ. Ìṣẹ́jú méjìlá kọjá. Wọ́n wá rí i pé àna ara wọn ni wọ́n.

Alhaji pariwo: "Fáìlì ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì dáhùn pọ̀: "Ó wà lọ́dọ̀ àna mi."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìbúra yẹn ni Rahmah, ọmọ Hàlímọ̀tù, pè lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. "Bàbá, Màámi ò jẹun mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí yín."

Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó lanu. "Ẹ lọ san ìtánràn ìbúra yín, Alhaji, kẹ́ ẹ máa lọ. Tálákà mẹ́wàá lẹ máa bọ́."

Ó se ìrẹsì, ó di í sí abọ́ mẹ́wàá, Alhaji gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kò mọ̀ pé ó rọrùn láti rí wúrà ní Peckham ju kéèyàn rí tálákà tó máa jẹ́wọ́ lọ.

"Èmi, Alhaji? Tálákà? Mo nílé ní Ìkòròdú!"

"Owó bẹ́nífíìtì ìjọba ni mò ń gbà o, ẹ má bú mi."

Ẹnì kan gba abọ́ méjì, ó ní òun bá ẹnì kan gbà á ni. Ọjọ́ Sátidé náà tún lọ bẹ́ẹ̀. Alhaji dúró láàárín Rye Lane, ó figbe ta: "Ìlú wo nìyí tí kò sí tálákà, tí ìlú tí gbogbo yín ti wá ò sì ní títì?"

Lọ́jọ́ Àìkú, Àsúmáù tún se ìrẹsì abọ́ mẹ́wàá mìíràn, Habeebullah sì mú Alhaji lọ síbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ń pín oúnjẹ fún aláìní. Bethany, òyìnbó tó ń bójú tó o, wo àwọn abọ́ náà, ó wo ìlà àwọn èèyàn tó lọ bí ejò. "Mẹ́wàá péré, Alhaji?"

Wákàtí mẹ́fà ni bàálù gbà láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó. Máìlì mẹ́rìndínlógún gbà á láti àárọ̀ títí di màgàríbà. Ẹrẹ̀ mú ọkọ̀, ó gun ọ̀kadà. Ọ̀kadà já a sílẹ̀ létí odò, ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti sin Hàlímọ̀tù lẹ́yìn àlásárì.

Lóru ọjọ́ tí Habeebullah gbọ́ ní Peckham, kò lè gbọ́wọ́ sókè ṣàdúrà. Ẹni tó ń purọ́ ń fò lọ fò bọ̀, àdúrà rẹ̀ sì ń gba àmín. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ dé ibojì nígbà tí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ tán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣáà ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Alhaji padà dé, Habeebullah dúró de ariwo. Kò sí ariwo. "O mọ ohun tí Hàlímọ̀tù wí kó tó kú?" ni Alhaji bi í. "Wọ́n ní ká se oúnjẹ de Làtíìfù. Ó ní, 'Ẹ jẹun yín jàre. Ó ti bá ẹnì kan jà lọ́nà.'" Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, kò sì gbé e; ojú rẹ̀ ló ń nù.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni Alhaji náà jáde láyé. Ọ́nárébù fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Àsúmáù pé àwọn máa fi orúkọ Alhaji sọ títì náà. Àsúmáù ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Títì wo?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Habeebullah kí àsùbáà. Àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ó gbọ́wọ́ sókè, ìbínú ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ parọ́ fún Ẹlẹ́dàá.

"Ọlọ́run," ó ní, "ọ̀pọ̀ nǹkan ni ò yé mi, O sì mọ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì bá ti ríra, jọ̀wọ́, jẹ́ kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́."