Ìkúnlẹ̀ Ìyá Bísí Níwájú Okùn Etí Òkun

Ọdún tí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì kún ojú òkun Èkó, tí wọn ò ráyè gúnlẹ̀, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Owó epo ti dé. Ẹni tí kò ní rédíò lánàá ti ń ra tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo wà, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Bí mo bá rántí ìgbà yẹn, bí àlá ló máa ń rí. Òwú ń fò nínú afẹ́fẹ́, ó ń bà lé wa lórí, gbogbo wa sì dà bí ẹni tó ti hewú láìtíì pé ogójì ọdún.

Ẹgbẹ́ wa ní eré ìje kan tí a máa ń sá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ọyẹ́. Ẹnu géètì wa ni àwọn asáré ti ń gbéra ní ìdájí, wọn á gba ọ̀nà Àgbádárìgì, oòrùn á sì ti yẹ̀ lórí kí wọ́n tó dé abúlé apẹja kan létí òkun. Kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó bá borí, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, òun ni yóò sì máa jókòó lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ nínú ìpàdé àwọn ọ̀gá fún odidi ọdún kan. Ìjókòó yẹn ni Ìyá Bísí ń wá.

Òkè-Ògùn ló ti wá, yàrá kan ló háyà ní Òkòtà, ìdí ẹ̀rọ ìrànwú ló ń dúró sí. Ó ní ọmọ lọ́wọ́. Nígbà náà, ìyá tó bá kúrò nídìí ẹ̀rọ láti fọ́mọ lọ́mú, ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n máa fi pàdé rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ọmú wa nípàdé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìlú tí kò dé rí. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi."

Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fàáké kọ́rí pé obìnrin kò ní sá eré náà. Mo ṣí ìwé òfin eré síwájú rẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọkùnrin nìkan." Ó wá a títí, kò rí i. Bí wọ́n ṣe gbà fún un nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo ń gbé ìwé òfin yẹn kiri Òṣòdì lábíyá.

Lọ́jọ́ eré, àwa adájọ́ márùn-ún ti wọkọ̀ ṣáájú: méjì láti ọ́fíìsì, ọ̀gá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yẹn sì wà lára wọn, méjì láti inú ẹgbẹ́, èmi akọ̀wé ni ìkarùn-ún. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà abúlé tó gbà wá lálejò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to àga wọn síwájú okùn ìparí eré, kí wọ́n lè rí ojú àwọn asáré dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àga yẹn.

Ọyẹ́ bo òkun mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì mẹ́ta dúró lókèèrè, ẹ ò ní mọ̀ bóyá orí omi ni wọ́n wà tàbí ojú ọ̀run. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin kan ló ń bọ̀ nínú ọyẹ́, òun nìkan, ó fi ọ̀já ìpọnmọ gba àyà. Ìyá Bísí ni. Rájí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa, ṣì ń fà bọ̀ lẹ́yìn.

Ó ku ìgbésẹ̀ díẹ̀ kó kan okùn nígbà tó dé iwájú àwọn àgbà. Ó dúró. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá."

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Wọ́n súre fún ọmọ, wọ́n súre fún ọkọ, wọ́n súre fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ta ni wọ́n kọ́ nílé tó máa dìde nígbà tí àgbà ń súre lọ́wọ́? Ó ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n sì parí, ẹsẹ̀ tó ti ń sáré láti ìdájí kọ̀, kò dìde mọ́. Rájí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìwo ọ̀tún wo òsì, ó já okùn.

Bàbá apẹja tó dàgbà jù níbẹ̀ dìde. Ó ní, "Èmi ni mo dá a dúró. Èmi ni kí ẹ dá lẹ́bi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ìwé òfin yín dà? Ẹ bá wa ka ibi tí wọ́n ti kọ ìkúnlẹ̀ sí i."

A dìbò. Ọ́fíìsì dìbò fún Rájí, àwọn ti ẹgbẹ́ dìbò fún Ìyá Bísí, ó wá ku èmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ já okùn ni wọ́n kọ sínú ìwé, wọn ò kọ ohun mìíràn. Mo rò ó pé bí mo bá tẹ òfin mọ́lẹ̀ lónìí, kí ni n ó fi bá àwọn ọ̀gá jà lọ́la? Mo nawọ́ fún Rájí.

Ìyá Bísí kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Akọ̀wé, ta ló gbé àga síbẹ̀?"

Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí títí di òní.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kankan ò wọlé. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú lójú gbogbo ayé. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ohùn ẹyẹ lórí páànù ilé iṣẹ́ wa. Rájí ṣí géètì, ó bọ́ fìlà ẹ̀ṣọ́, ó lọ jókòó tì wọ́n. Èmi dúró nínú ọgbà, n kò mọ ẹ̀yìn ta ni mo wà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀gá gbà pé kí àwọn ìyá máa jáde lọ fọ́mọ lọ́mú. Ohun tí a rí gbà nìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé Ìyá Bísí lọ sí yàrá ìdìpọ̀, kò sì jókòó nípàdé yẹn rí. Láti ọdún kejì ni a ti ń to àga àwọn àgbà sí ẹ̀yìn okùn.

Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, eré ti parẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé ńlá náà wà. Láìpẹ́ yìí mo gbé e lọ bá Ìyá Bísí nílé ọmọ rẹ̀, nítòsí Àgọ́ Palace ní Òkòtà. Mo ní kó jẹ́ kí n fa orúkọ Rájí yọ, kí n kọ tirẹ̀.

Ó ní, "Rárá o. Ojú èèyàn lẹ ti gbà á, ẹ ò ní dá a padà ní kọ̀rọ̀." Ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. "Bí mo bá sì tún débẹ̀ lónìí, màá kúnlẹ̀."

Àwọn tó wà létí òkun lọ́jọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ló kù, ojú yín ni mo sì ti ń kọ ọ́: Wúràọlá Àkànkẹ́, ìyá Bísí, ọmọ Òkè-Ògùn, ló kọ́kọ́ dé. Èmi akọ̀wé ni mo gbé àga síbẹ̀.