Sọ́rì Tí Àkànní Sọ

Lọ́dún 1998, iná jó ṣọ́ọ̀bù Mama Efosa ní Siluko Road, nílùú Benin. Àkànní, káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sáré lọ bá a kẹ́dùn. Ó ní, "Sọ́rì, Mama."

Àbúrò Mama Efosa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, di ọrùn ẹ̀wù Àkànní mú. "Kí lo ṣe tí o fi ń tọrọ àforíjì?"

Wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mama Efosa mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Benin ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe, àmọ́ kò la ẹnu.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé wáyà ló fa iná náà. Nígbà tí Àkànní fi máa jáde ní àtìmọ́lé, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ekiadolor, ìlú kékeré kan nítòsí Benin, kò dágbére fún ẹnì kankan.