Ìbéèrè Tí Mo Gbé Wọ Ilé Aládùúgbò Mi

Màmá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ní Alibon, nílùú Òyìnbó níbí, kì í ṣe ìpinnu kankan láì kọ́kọ́ da owó idẹ mẹ́ta sórí tábìlì ìdáná rẹ̀. Ará Ṣáínà ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní Heathway nígbà kan. Mọ́ínmọ́ín ni mo gbé lọ fún un lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a nídìí owó náà. Ihò onígun mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ó dà wọ́n, ó wo ojú tí wọ́n fi sókè, ó fa ìlà kan sórí bébà, ó tún dà wọ́n. Ìlà kan á jẹ́ odindi, òmíràn á gé láàárín. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń tò wọ́n lọ sókè. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́fà, ó ṣí ìwé àtijọ́ kan tí ewé rẹ̀ ti ń já, ó wá ibi tí àwòrán ìlà náà wà, ó sì kà á jẹ́ẹ́.

"Kí lẹ ń bi í, Màmá?"

"Bóyá kí n jẹ́ kí ọmọ mi ra àga tó ń gbéni gun àtẹ̀gùn fún mi."

Ọmọ rẹ̀ náà ti fi irú owó dídà yìí sórí fóònù fún un, èyí tó jẹ́ pé béèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, èsì ti dé. Màmá ní ó yá jù, òun ò tíì ronú tán tó ti ń dáhùn.

Mi ò dá sí i. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí, wọ́n sì ti kọ́ wa pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo mu tíì mi, mo lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Castle Green. Ibẹ̀ ò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa. Èmi fẹ́ kí wọ́n sin ín sílé ní Ìjẹ̀bú; ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ni, níbi tó ti lo ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo lórí fóònù, létí gbogbo ẹbí. Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, ìbátan wa kan pè mí pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ẹ̀gbọ́n mi, òun nìkan ló sì wà nílé.

Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Màá mú wòlíì wa dání àti àgbà ìjọ méjì, a ó pe àwọn ẹbí tó wà ní Èkó lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ náà parí lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ ọ́ fún Màmá níbi ọgbà tó pààlà sáàárín ilé wa. Ó ní kí n wọlé.

"Bi í ní ohun tó o fẹ́ mọ̀."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi á gbà mí?"

Ó mi orí. "Owó ò mọ inú ẹlòmíràn. Bi í nípa ìwọ fúnra rẹ."

"Kí ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó fẹ̀ jù."

Níkẹyìn mo ní, "Báwo ni kí n ṣe wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi?" Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí i pé mo ti gbà láti lọ.

Mi ò jẹ́ fọwọ́ kan owó náà. Òun ló bá mi dà á. Ìlà odindi méjì bọ́ sáàárín, àwọn tó gé wà lókè àti nísàlẹ̀.

"Ààrá lórí òkè," ó ka orúkọ àwòrán náà nínú ìwé. "Nǹkan kékeré ni kó o ṣe, má ṣe ńlá."

"Kí ni nǹkan kékeré náà?"

"Ìwọ lo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ mi."

Mi ò lè sọ pé mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo pe wòlíì, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ìbòjú oníke bo ojú rẹ̀ kan.

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni, Àǹtí mi. Ẹ kú ìnira."

Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ojú títì, ó wá ṣílẹ̀kùn gbayawu. Oògùn ti ṣàn gbẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Eye drop yìí ń yọ mí lẹ́nu," ó ní. "Mi ò rí ibi tí mò ń kán an sí."

Mo fọwọ́, mo ní kí ó gbórí sẹ́yìn. Orí rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ mi. Irun iwájú rẹ̀ ti funfun, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ tutù."

"Ẹ má ṣẹ́jú."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ṣé wàá wá lọ́la?"

Mo ń lọ títí oògùn fi tán. A ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un bí owó Màmá ṣe mú kí n pa wòlíì tì, kí n sì dá wá.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Wọ́n da owó nítorí tèmi?" Ó ní kí n kúnlẹ̀. Ó ka Sáàmù sí mi lórí, ó fi òróró sí mi níwájú orí, ó gbàdúrà títí orúnkún fi ń dùn mí. Lẹ́yìn àmín, ó jókòó.

"Kí ni owó náà tiẹ̀ sọ?"

Mo sọ fún un.

Ó dé ìgò òróró rẹ̀. "Ká ní o kó wòlíì wá ni, mi ò ní ṣílẹ̀kùn."

Ọ̀rọ̀ bàbá wa ṣì wà nílẹ̀. Bó bá ti fẹ́ yọjú, ọ̀kan nínú wa á yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, a jọ máa ń ra nǹkan ní Heathway, èmi a sì máa rìn ní apá ibi tí ojú rẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa.