Iná Lésà Lórí Orúnkún Bàbá Onítáìlì

Orúnkún ni Bàbá Onítáìlì fi jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti ń tẹ́ táìlì sí ilé onílé, tí yóò máa fi òòlù rọ́bà gbá a jẹ́jẹ́ títí yóò fi jókòó dáadáa. Nígbà tí àgbà dé, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun orúnkún rẹ̀ ti gbó, eegun wá ń ha eegun. Kó tó dìde lórí àga, á kọ́kọ́ wá nǹkan dì mú, á mí kanlẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ di òkè tí kò ṣeé gùn. Bó ṣe di ẹni tó ń sùn sí pálọ̀ nísàlẹ̀ nìyẹn, tí ìyàwó rẹ̀ ń dá sùn lókè.

Ìyàwó mú un mọ́ra títí, ó sú u. Ó ní, “Bàbá, èmi ò fẹ́ ọkọ tí mo ní láti máa yọjú kí láti orí àtẹ̀gùn. Ẹ múra, ká lọ ọsibítù.”

Obìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun ló gbà wọ́n. Ó fi awò dúdú bo Bàbá lójú, ó gbé irin kékeré kan tó dà bíi tọ́ọ̀ṣì lé e lórúnkún. Bàbá wa eyín pọ̀, ó ń retí kí iná jó òun. Kò gbọ́ ju pé ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ.

“Dókítà, ṣé ẹ ti tàn án?”

“Ó ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Iná lésà yìí á bá wa dín ìrora kù, kẹ́ ẹ lè ráyè ṣe eré ìdárayá. Eré yẹn ló máa fún iṣan itan yín lágbára tó fi máa gbé orúnkún ró.”

Ibi tó dùn mọ́ Bàbá nínú ọ̀rọ̀ náà nìkan ló gbé relé. Á lọ gba iná rẹ̀, á padà wá jókòó bí ọba. Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀, ló bá ń bú ẹ̀rọ. Nígbà tó tún dé ọsibítù, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá a jà. Ó ní kó na ẹsẹ̀ kan, kó gbé e sókè. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n rìrì.

“Bàbá, ṣé táìlì máa ń lẹ̀ láìsí símẹ́ńtì?”

Bàbá wolẹ̀. “Kò lè lẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti di ọ̀gá. Láràárọ̀, á sọ̀kalẹ̀ wá, á gbé àga dojú kọ tiẹ̀, wọ́n á jọ máa dìde, wọ́n á jọ máa jókòó.

“Ẹ má fọwọ́ ti àga.”

“Ìwọ náà ń fọwọ́ tì í.”

Ẹ̀rín á pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tí ó sì ń lọ gba iná, ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò lọ tán o. Bí òjò bá ti ṣú, orúnkún á ránṣẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kò dúró de ìyàwó mọ́. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gùn, ó sinmi, ó tún gùn.

“Ta nìyẹn?” Ìyàwó ló ń béèrè láti inú yàrá.

“Àlejò ni.”

Ó yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, òógùn bò ó lójú. Aṣọ tí ìyàwó ń ká lọ́wọ́ kún ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn. Ìyàwó wò ó títí, ó rọra kó àwọn aṣọ náà kúrò níbẹ̀.

“Ẹ jókòó, àlejò,” ó ní. “Ẹ̀gbẹ́ tiyín nìyí.”